Bí Físà Bá Ti Kọjá Ọjọ́: Òtítọ́ Ni Kí A Fi Tún Un Ṣe

 

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé kì í fẹ́ sọ síta. Ó ṣòro láti rí àdúgbò kan ní ilẹ̀ wa lónìí tí kò ní ọmọ tí ó gba físà lọ sí Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ tí wọ́n fún un pé, tí kò sì padà. Àwọn ará ilé á máa yangàn pé ó wà ní òkè òkun. Wọn kò mọ̀ pé kò lè wá kí ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, kò lè lọ sí hájì, kò sì lè ṣiṣẹ́ ní gbangba. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará wa ń pè ní ẹni tí kò ní páálí.

A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ọjọ́ tí ó kọjá lórí físà jẹ́ àṣìṣe tí òfin Amẹ́ríkà fi ọ̀nà àtúnṣe díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn irọ́ tí ènìyàn máa ń pa láti fi bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, ó ní èyí tí òfin kì í dárí rẹ̀ jì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wa lórí èyí kò sì yàtọ̀.

1. FÍSÀ JẸ́ ÀLÙKÁWÀNÍ

Àwọn kan máa ń sọ pé ilẹ̀ Ọlọ́hun gbòòrò, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí Mùsùlùmí má gbé ibi tí ó wù ú. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun gbà wá láyè láti rìn lórí ilẹ̀ kí a sì wá àrísìkí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba físà kò kàn rìn wọ ìlú. Ó kọ ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó sọ ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe, àwọn onílẹ̀ sì gbà á wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà. Àdéhùn nìyẹn. Nínú Súrà karùn-ún, ẹsẹ kìn-ín-ní, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n mú àdéhùn wọn ṣẹ. Nínú Súrà kẹtàdínlógún, ẹsẹ 34, Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé a ó bi olúkúlùkù léèrè nípa àlùkáwàní tí ó ṣe. Kò sọ pé èyí tí a bá Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa ṣe nìkan ni.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hudaybiyyah ní ọdún kẹfà Híjírà. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń bá àwọn Kúráìṣì ṣe àdéhùn pé ẹni wọn tí ó bá wá bá òun láìgba àyè lọ́wọ́ alágbàtọ́ rẹ̀, òun yóò dá a padà. Wọn kò tíì parí ìwé náà tí Abu Jandal fi dé, tòun ti ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ọmọ Suhayl ni, ẹni tí ó wá ṣojú fún àwọn Kúráìṣì. Mùsùlùmí ni, ìyà sì ń jẹ ẹ́. Ọkàn àwọn sàhábé bàjẹ́. Síbẹ̀, Ànábì dá a padà, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó ṣe sùúrù, nítorí pé a ti fi ọ̀rọ̀ lélẹ̀ ná. Bí a bá pa àdéhùn mọ́ nínú irú wàhálà yẹn, kí ni àwíjàre ẹni tí ó kàn fẹ́ ríṣẹ́ ṣe?

Àwa Yorùbá pàápàá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹjigbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin ṣòwò ní Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò gba ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó jáde. Ohun tí àwọn kan fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kó jọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi túká. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Gánà àti àwọn àjèjì mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ìwé ń kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

2. MỌ ỌJỌ́ RẸ

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ara físà ni wọ́n ti ń ka ọjọ́. Ọjọ́ tí ó wà lára físà ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ènìyàn lè fi físà náà kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde wà lórí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, èyí tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ṣe nígbà tí ó wọlé. Físà lè wà fún ọdún méjì, kí I-94 sì jẹ́ oṣù mẹ́fà péré. Láti ọdún 2013, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tí ó bá bá ọkọ̀ òfuurufú wọlé ti ń wo I-94 tirẹ̀. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kódà bí ọjọ́ ti kọjá. Ìwé yẹn ni yóò fi hàn lọ́jọ́ iwájú pé ẹnu ọ̀nà ni òun gbà wọlé, òun kò fo fẹ́ǹsì.

Ẹni tí ó bá rí i pé ọjọ́ kò ní tó òun lè fi fọ́ọ̀mù I-539 bẹ̀bẹ̀ fún àfikún, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé ni kí ó ti ṣe é. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò tirẹ̀. Kí ó bi lọ́yà, kí ó má ṣe fi ti ẹni ìbẹ̀wò wé tirẹ̀.

3. ÌRÌN ÀJÒ TÍ Ó Ń TI ILẸ̀KÙN

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, Ààrẹ Clinton buwọ́ lu òfin kan tí ó yí ọ̀rọ̀ yìí padà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1997. Ẹni tí ó bá dúró kọjá 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún kan, tí ó sì jáde, kò ní lè wọlé padà fún ọdún 3. Ẹni tí ó bá dúró tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni. A kì í ka ọjọ́ tí ènìyàn kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní I-94 arábìnrin kan parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024. Bí ó bá padà sílé ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún náà, kò tíì pé 180 ọjọ́. Físà rẹ̀ ti bàjẹ́ lóòótọ́, yóò sì ní láti béèrè òmíràn láti ilé, ṣùgbọ́n ìdènà ọdún mẹ́ta kò mú un. Bí ó bá padà ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó di oṣù kẹta ọdún 2028. Bí ó bá dúró títí di oṣù kẹjọ ọdún 2025 kí ó tó padà, ó di oṣù kẹjọ ọdún 2035. Nítorí náà, fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí kò sì ní ọ̀nà kankan níbẹ̀, kí ó padà sílé kíákíá ni àtúnṣe tí ó dára jù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé jíjáde ni ó ń ti ilẹ̀kùn náà. Ìgbà tí bàbá bá kú ni ọ̀pọ̀ ń kó sí i. Ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò lórí fóònù pé kí ó máa bọ̀ wá sin òkú. Bẹ́ẹ̀ àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú ṣòfò. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra ní ọ̀hún, a ti sin bàbá. Ẹni tí ó jáde láìbéèrè yóò bá sàárè níbẹ̀, yóò sì fi ọdún mẹ́wàá jìnnà sí aya àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Àdúà tí ọmọ rere ń ṣe fún òbí rẹ̀ ń dé láti ibikíbi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára pé kò wá.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ hájì. Súrà kẹta, ẹsẹ 97, fi í ṣe ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó bá ní agbára ọ̀nà. Ẹni tí jíjáde yóò tú ilé rẹ̀ ká, kí ó bi àwọn onímọ̀ nínú ẹ̀sìn kí ó tó sanwó ọkọ̀. Kí ó sì bi lọ́yà pẹ̀lú.

4. ÀWỌN Ọ̀NÀ ÀTÚNṢE

(a) Ìbátan tòótọ́. Bí ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú físà bá jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí òbí ọmọ ilẹ̀ náà tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 21 tí kò sì tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, òfin gbà á láyè láti béèrè green card láìkúrò nílẹ̀ náà. Òfin a máa mójú kúrò lára ọjọ́ tí ó kọjá àti iṣẹ́ tí ó ṣe láìgba àyè. Ìbátan náà ni yóò kọ I-130, òun fúnra rẹ̀ yóò kọ I-485, dókítà tí ìjọba yàn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìbátan yóò sì fi ìwé owó orí fi hàn pé òun lè gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kí ó má ṣe jáde títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní green card nìkan, tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ náà, kò sí nínú ìmójúkúrò yìí. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ kò sì lè ṣe nǹkan kan fún òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21.

(b) Ẹni tí a ń fìyà jẹ nínú ilé. Àwọn kan máa ń fi páálí de aya wọn mọ́lẹ̀: "Bí o bá sọ̀rọ̀, n ó pe ìmígíréṣọ̀n." Láti ọdún 1994, òfin ti gba ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà tàbí oní green card, ń lù tàbí ń hùwà ìkà sí láyè láti kọ ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù I-360, láìjẹ́ kí oníwà ìkà náà mọ̀. Ọkùnrin náà lè lò ó. Arábìnrin, má ṣe kú síbẹ̀ nítorí páálí.

(d) Ẹni tí ó sá fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí ewu tòótọ́ wà fún ní ilé nítorí ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ìṣèlú tàbí irú rẹ̀ lè béèrè ààbò, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan tí ó dé ni, àfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì. Kì í ṣe ìtàn tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ìtàn tà.

(e) Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá ti lo ọdún mẹ́wàá, páálí dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n nìkan ni a ti lè sọ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìjọba bá ti ń gbìyànjú láti lé ènìyàn jáde. Yóò ní láti fi hàn pé ìwà òun dára, àti pé ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ òun tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí oní green card yóò jìyà tí ó kọjá irú èyí tí a mọ̀ bí òun bá lọ. Òfin kò gbà ju 4,000 ènìyàn lọ lọ́dún kan ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin lè ṣí ilẹ̀kùn, kí ìjọba sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà buwọ́ lu ìkéde kan tí ó fi Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí a dín físà wọn kù láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Irú nǹkan báyìí lè mú kí ìwé falẹ̀ tàbí kí ó dúró. Ẹ béèrè bí nǹkan ti rí lọ́jọ́ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

5. IRỌ́ MÉJÌ TÍ Ń TI ILẸ̀KÙN PA

Èkínní ni ìgbéyàwó páálí, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní "arrangee": ènìyàn á sanwó fún ọmọ ilẹ̀ náà kí ó fẹ́ òun lórí ìwé. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó dọ́là 250,000. Èyí tí ó tún burú jù ni pé bí ìmígíréṣọ̀n bá ti rí i pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò gbọdọ̀ gba ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn tí ìbátan tàbí agbanisíṣẹ́ bá kọ fún ẹni náà mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ aya tòótọ́ lẹ́yìn náà, tí ó bí ọmọ márùn-ún, ìgbéyàwó èké ti ọjọ́sí ti ba tòótọ́ jẹ́. Wọ́n sì ní ọ̀nà láti mọ̀. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, green card ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń fúnni, tọkọtaya yóò sì jọ kọ I-751 láàárín 90 ọjọ́ tí ó kẹ́yìn rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Èkejì ni kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀ náà. Fọ́ọ̀mù I-9 tí gbogbo agbanisíṣẹ́ ń fúnni ní ibi tí a ti ń fàmì sí bóyá ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí àjèjì. Ẹni tí ó fàmì sí "ọmọ ilẹ̀" nítorí kí ó lè ríṣẹ́, tàbí tí ó lọ dìbò, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, ẹni tí ó bá pa irọ́ yìí tí ó sì ń wá green card nípasẹ̀ ìbátan kò ní ìdáríjì nínú òfin.

Ẹ fi wé ara wọn. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ láìní páálí, tí kò purọ́, lè rí àtúnṣe nípasẹ̀ aya rẹ̀. Ẹni tí ó lo oṣù mẹ́jọ, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀, lè máà rí i mọ́ láéláé.

6. AYA TÍ Ó WÀ NÍLÉ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwa Mùsùlùmí jù. Ọkùnrin tí ó ti so yìgì nílé tún fẹ́ fẹ́ obìnrin ní Amẹ́ríkà nítorí páálí. Ó rò pé yìgì tí kò ní ìwé kóòtù kì í ṣe ìgbéyàwó lójú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó tí ó bá tọ̀nà ní ibi tí a ti ṣe é ni wọ́n ń kà sí ìgbéyàwó, òfin wọn kò sì mọ ìyàwó kejì. Bí ti ilé bá wà síbẹ̀, òfo ni ti ọ̀hún. Yìgì tí a so ní mọ́ṣáláṣí ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ ìjọba kì í sábà dúró lójú òfin níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà náà ni ẹbí ọkọ yóò wá bá aya nílé: "Fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yìí, eré ni, nítorí páálí ni." Ẹ̀yin ará, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti gbígba aya padà kò ní eré nínú, ẹni tí ó fi ṣeré, òtítọ́ ni ó ṣe. Kí ni arábìnrin náà wá jẹ́ láti ọjọ́ yẹn? Aya ni, àbí ẹni tí a kọ̀ sílẹ̀? Bí ọkọ bá kú, ṣé yóò jogún? Obìnrin ti ọ̀hún náà, tí a so yìgì pẹ̀lú rẹ̀ tí a kò sì gbèrò láti bá a gbé, àbùkù wo ni a fi kàn án? Súrà kẹrin, ẹsẹ 21, pe ìgbéyàwó ní àdéhùn tí ó nípọn. A kò gbọdọ̀ ba àdéhùn tí ó nípọn jẹ́ nítorí pé a fẹ́ tún ti físà ṣe. Arábìnrin tí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún, má ṣe fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ àti òbí rẹ.

7. TA NI KÍ A BÁ SỌ̀RỌ̀?

Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà tàbí aṣojú tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni ó lè gbani nímọ̀ràn lórí òfin yìí. Nọ́tárì kì í ṣe lọ́yà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò tí ó ti gba páálí kì í ṣe lọ́yà. Ààfáà wa kì í ṣe lọ́yà. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tí aṣojú wọn ní ìwé àṣẹ, tí owó wọn kò sì pọ̀.

Kí ẹni náà kó gbogbo ìwé rẹ̀ dání: ìwé ìrìnnà àtijọ́ àti tuntun, I-94, ìwé ìgbéyàwó, ìwé owó orí. Kí ó sọ gbogbo òtítọ́ fún lọ́yà, títí kan èyí tí ó tì í lójú, nítorí lọ́yà kò lè wo egbò tí a fi aṣọ bò. Kí ó má ṣe fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí kò kà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÓKÒÓ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ ara físà àti ọjọ́ ara I-94?
2. Bí àbúrò rẹ bá ti lo oṣù mẹ́rin kọjá ọjọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ọ̀nà kankan níbẹ̀, kí ni ìwọ yóò gbà á nímọ̀ràn?
3. Kí ni ìtàn Abu Jandal kọ́ wa nípa àdéhùn tí ó le fún wa láti pa mọ́?
4. Ẹ̀yin arábìnrin, kí ni ẹ ó sọ fún ẹni tí ó ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ eré?
5. Báwo ni àwa tí a wà nílé ṣe ń fi owó àti ọ̀rọ̀ tí a ń béèrè ti àwọn tí ó wà ní òkè òkun sínú irọ́?

Àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Kí Ọlọ́hun bá àwọn ará wa tí ó wà nínú ìdààmú yìí ṣí ọ̀nà tí ó mọ́, kí Ó má jẹ́ kí á fi àdéhùn ẹ̀sìn ra àdéhùn ayé, kí Ó sì mú olúkúlùkù wá bá ilé rẹ̀ láyọ̀. Àmín.